Ọmọ 5 nínú 11

Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni alábẹ̀wò kan wá sí ilé ìwé wa láti ọ́fíìsì. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ṣí ìwé èsì ìdánwò, ó wò mí, ó tún wo ìwé. "Màámi, lọ́dún tó kọjá, ọmọ 8 nínú 9 ló yege ní pírámárì fóò. Lọ́dún yìí, 5 nínú 11. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ọmọ ló dé, sà."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò kọ ọ́ sílẹ̀.

Abúlé wa kò jìnnà sí Òmù-Àrán ní ìpínlẹ̀ Kwara. Ọmọ 61 ló wà nínú rẹ́jísítà, kíláàsì 6, tíṣà 4. Èmi ni mo ni fóò àti fáìfù, yàrá kan náà, pátákó kan náà. Ṣọ́ọ̀kì ni mo fi fa ìlà sí i láàárín. Àwọn tí ọwọ́ wọn gbé e ti kó ọmọ wọn lọ sí ilé ìwé aládàáni. Ọ̀kadà ní ń gbé wọn lọ láràárọ̀, mẹ́ta mẹ́rin lórí ẹyọ kan. Àwọn tó kù ni tiwa.

Nínú 11 tó wà ní fóò, 4 ti gáà Fúlàní wá. Ọmọ Ìgèdè, ẹ̀yà kan láti ìpínlẹ̀ Benue, ni 2, àwọn òbí wọn ń gba iṣẹ́ oko ṣe. Ọmọ Tápà ni 1. Àwọn 4 yòókù ni ọmọ onílé, ta ló sì ń tọ́ wọn? Ìyá àgbà. Bàbá wà l'Ékòó, ìyá wà ní Ìlọrin, owó oúnjẹ ń gba orí fóònù wọlé, ìyẹn bó bá máa wọlé. Nígbà tí mo ń ránṣẹ́ pe òbí, arúgbó àádọ́rin ọdún ló ń fi ọ̀pá rìn wá bá mi nínú oòrùn. Mo ti jáwọ́ níbẹ̀.

Rẹ́jísítà lẹ bá wò, ẹ ó rí ohun tí ìwé máàkì ò lè sọ. Láti oṣù kejì títí wọ oṣù kẹrin, kajú ń já, ọmọ sì ń ṣa kajú. Garawa kan, ìyá àgbà ti rí gààrí rà. Kí ni kí n wí fún un, pé kó jẹ́ kí ọmọ wá kọ́ LCM? Ọjà wa náà, ọrọọrún ni: bó bá bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ó ń padà bọ̀ ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Tí iṣẹ́ oko bá sì tán, àwọn Ìgèdè á palẹ̀ mọ́ lóru, àfi ká pe orúkọ láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni má dáhùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi pẹ́ńsùlù kọ orúkọ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ọ̀gá wa kò fẹ́ ẹ, ó ní ìwé ìjọba ni, bírò ni kí n fi kọ ọ́. Mo ní mo ti gbọ́, mà. Pẹ́ńsùlù náà ni mo ṣì ń lò.

Nínú ọmọ 9, bí ibà bá dá ẹnì kan ṣoṣo dúró lọ́jọ́ ìdánwò, nǹkan bí 11 nínú ọgọ́rùn-ún ti lọ nìyẹn. Ilé ìwé tó ní 90 ní fóò kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀kan nínú àwọn ọmọ gáà ní Búbà. 3 nínú 10 ló gbà nínú ìṣirò. Lọ́jọ́ kejì mo pè é sídìí tábìlì: 7 àti 8, mélòó? Kò wo ìka rárá. "15." Báwo lo ṣe mọ̀ ọ́n? Ó ní lédè tàwọn, jowi ni márùn-ún. Méje ń jẹ́ jeeɗiɗi, ìyẹn márùn-ún àti méjì. Mẹ́jọ ń jẹ́ jeetati, márùn-ún àti mẹ́ta. Ó so márùn-ún méjèèjì pọ̀, ó di mẹ́wàá, ó wá fi méjì àti mẹ́ta tó kù lé e. Ọdún 24 rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ níṣirò, ọ̀rọ̀ yìí ò wá sí mi lọ́kàn rí. Ọmọbìnrin onílé tó jókòó tì í ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹ̀ẹ́dógún ni, ogún ó dín márùn-ún. Mo ní ìwọ, ìdáhùn lo sọ, o ò sọ ọ̀nà.

Kí ló wá ṣe é tó fi gba 3? Gẹ̀ẹ́sì ni. Àgbẹ̀ kan pín iṣu fún ọmọ mélòó kan, Búbà kò mọ ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí pín, gbogbo nọ́ńbà tó rí nínú ìbéèrè ló rò pọ̀. Ó rò wọ́n dáadáa, kò ṣì í.

Ní 2022 ìjọba àpapọ̀ ní èdè abínibí ni ká máa fi kọ́ ọmọ títí dé pírámárì síìsì. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n yí i padà, ó di Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n ètò ẹ̀kọ́ Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 ti fi hàn tipẹ́ pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ fún ọdún 6 kò rẹ̀yìn. Mo gbà. Ṣùgbọ́n abínibí ta ni, nínú yàrá tèmi? Yorùbá ọjà ni gbogbo wọn jọ gbọ́, òun ni mo sì ń lò bí alábẹ̀wò ò bá sí nítòsí.

N ò ní máàkì ń parọ́ o. Ní 2008 ìjọba Kwara fún àwa tíṣà ní ìdánwò tí kò ju ti pírámárì fóò lọ. Àwa 19,125 la jókòó, 7 péré ló dé ojú ìwọ̀n. N ò sí nínú 7 náà. Inú bí wa, a pariwo. Àmọ́ nígbà tí mo délé, mo mọ̀ nínú ara mi pé n ò lè fi ìdá pín ìdá. Ọmọ mi tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì nígbà yẹn ló kọ́ mi.

Nínú 6 tó fìdí rẹmi lọ́dún yìí, mo lè sọ ìdí tí 4 fi ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn 2 tó kù, ọmọ onílé ni, wọn kì í pa ilé ìwé jẹ. N ò mọ ohun tí mo kọ́ tí kò yé wọn. Àwọn yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀lé ìgbà tí alábẹ̀wò wá, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, òun àti ọmọbìnrin kan tó ru àpótí ìjókòó tirẹ̀ lérí. "Tíṣà, mo mú ọmọ wá." Mo bi í lọ́jọ́ orí ọmọ. Ó na ọwọ́ sí ọ̀kan nínú àwọn tó jókòó, ó ní ó ju ìyẹn lọ díẹ̀. Mo ṣí rẹ́jísítà, mo wá pẹ́ńsùlù mi títí, n kò rí i. Búbà ti mú un, ó ń fi ya màálù sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

Bírò ni mo fi kọ nọ́ńbà 12.