Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí wáìnì ọ̀pẹ̀-òyìnbó: ìyẹ̀fun méjì tó ń ba adùn jẹ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń pọn wáìnì nílé, ẹ ti mọ bí a ṣe ń fún ọ̀pẹ̀-òyìnbó, ẹ sì mọ yíìsì lò, n ò ní padà síbẹ̀. Ibi tí mo ti ń rí yín tí ẹ ń ṣubú ni ìyẹ̀fun méjì tí a fi ń dá wáìnì dúró kó tó wọ ìgò: potassium metabisulphite, tó ń dá bakitéríà dúró, àti potassium sorbate, tí kì í jẹ́ kí yíìsì bí sí i.

Èkíní, ẹ fi síbí sílẹ̀. Síbí tíì kan metabisulphite tó gíráàmù 5 sí 6; síbí yẹn kan náà kì í sábà bu ju gíráàmù 3 sorbate lọ. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó ń ka 0.1 gíráàmù. Bíi gíráàmù 1.75 metabisulphite ti tó fún wáìnì lítà 20. Síbí tíì kan ti tó ìlọ́po mẹ́ta ìyẹn, òórùn ìṣáná tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣá á sì máa ta yín nímú, pàápàá bí wáìnì náà bá kan gan-an. Àmọ́ èyí ní àtúnṣe: ẹ dà á láti kẹ́ẹ̀gì kan sí òmíràn kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kí ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹ sì máa sọ fún ẹni tó bá ní ásímà pé ó wà níbẹ̀.

Èkejì, sorbate kì í pa yíìsì, ó kàn ń sọ ọ́ di àgàn ni. Èyí tó ti wà láàyè nínú wáìnì á ṣì máa jẹ ṣúgà lọ. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí haidirómítà, irinṣẹ́ tí a fi ń mọ bí ṣúgà inú wáìnì ṣe ń tán lọ, dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́ta, kó wà lábẹ́ 1.000, kí ẹ yọ wáìnì kúrò lórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, kó sì tòrò. Gíráàmù 4 sorbate ló tó fún lítà 20. Tí ẹ bá ti ń kọjá gíráàmù 5, ahọ́n tó mọ́ á bá ohun kan níbẹ̀ tó jọ ṣingọ́ọ̀mù.

Ẹ̀kẹta, ẹ má fi sorbate nìkan sí wáìnì láé. Ẹni tí kò fẹ́ òórùn ìṣáná á ní òun kò lo metabisulphite mọ́. Á da sorbate sí i, á fi ṣúgà sí i kó lè dùn, á rọ ọ́ sínú ìgò. Lóṣù àkọ́kọ́, gbogbo ẹni tó mu ún ló ń yìn ín. Nígbà tó bá yá, ó ṣí ìgò kan, òórùn ewé tútù tí wọ́n rún mọ́wọ́ ló yọ jáde, òórùn ewé òdòdó kan tí wọ́n ń pè ní geranium gan-an. Ó ṣí ìkejì, bákan náà ni. Irú bakitéríà tó ń mú ògì kan ló ti jẹ sorbate náà, ohun tó sì yọ nínú rẹ̀ dà pọ̀ mọ́ ọtí, ó di òórùn yẹn. Metabisulphite ìbá ti dá bakitéríà yẹn dúró. Sorbate kò lè ṣe é. Kò sí sísẹ́, kò sí ṣúgà, kò sí metabisulphite tí ẹ bá dà sí i lẹ́yìn náà tó lè mú un kúrò. Bí ẹ bá lú u mọ́ wáìnì mìíràn, ẹ ti ba ìyẹn náà jẹ́. Ìgò 26, gbogbo ẹ̀, kòtò ni.

Ó ń bí mi nínú púpọ̀ pé àwọn tó ń di ìyẹ̀fun funfun sínú ọ̀rá láìkọ orúkọ sí i lára ló ń sọ fún yín pé èyíkéyìí nínú méjèèjì á ṣe é. Wọ́n gbowó, ẹ̀yin lẹ ń da wáìnì nù! Ẹ má ra ohun tí kò lórúkọ. Ẹ má sì gbé sorbate sínú ẹmu rárá, nítorí bakitéríà yìí kún inú ẹmu.

Metabisulphite ni kó ṣáájú. Ẹ fi wáìnì díẹ̀ pò ó nínú ife tirẹ̀, nítorí bí ẹ bá pò ó pọ̀ mọ́ sorbate nínú ife kan, sorbate á dì, á máa léfòó bí èérún funfun. Lọ́jọ́ kejì ni sorbate, lọ́jọ́ kẹta ni ṣúgà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tọ́ ọ wò kó tó wọ ìgò. Sorbate tó ti pọ́n, tó sì ń rùn bí òróró àtijọ́, ẹ dà á nù.