Ìgò epo wo lẹ yẹ̀ wò?

Bí a bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ̀sùn ọ̀daràn kan onílé-epo nítorí bẹntiróòlù tí kò dára, àwọn èèyàn a ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó. Ilé epo ni mo ń bójú tó, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ń po karosíìnì mọ́ bẹntiróòlù wà láàrin wa. Ẹni tó bá ṣe é, kó jìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí onílé-epo bá gba lọ́yà, tó ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé ẹ̀sùn náà, ẹ jẹ́ kó rojọ́ tirẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ìjọba, tó máa ń bu epo sínú ìgò lọ fún àyẹ̀wò, ni pé: ìgò epo wo lẹ yẹ̀ wò, ta ló sì wà níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń bù ú?

Kí tánkà tó já epo lọ́dọ̀ wa, èmi fúnra mi ni mo máa ń gun orí rẹ̀. Mo máa ń wò ó bóyá èdìdì tí wọ́n fi dì í ní dípò, ìyẹn ibi tí tánkà ti ń gbé epo, ṣì wà bó ṣe wà. A ó fi ìpara tó ń dá omi mọ̀ pa ìdí ọ̀pá, a ó tì í bọ inú epo débi tó bá kanlẹ̀. Bí àwọ̀ ìpara bá yí padà, omi ti wà nísàlẹ̀ nìyẹn. A ó bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ká gbé e sójú oòrùn. Ibi tí agbára wa mọ nìyẹn. Mẹ́tánọ́ọ̀lù, irú ọtí olóró kan tí wọ́n máa ń pò mọ́ epo, kò ní àwọ̀, ó sì máa ń yòrò mọ́ bẹntiróòlù. Kò sí ojú manijà tó lè rí i.

Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2022. Epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ pọ̀ jù wọ Nàìjíríà, ó ba ọkọ̀ àwọn èèyàn jẹ́, ìlà sì gùn nílé epo l'Ékòó àti l'Ábújá. Mele Kyari, ọ̀gá àgbà NNPC nígbà náà, sọ pé láti Antwerp ní orílẹ̀-èdè Belgium ni wọ́n ti kó o wá, àti pé àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe níbí kò kan mẹ́tánọ́ọ̀lù. Àwọn tó ní yàrá àyẹ̀wò ò rí i. Ká ní ọlọ́pàá mú manijà kan lọ́sẹ̀ náà, kí ni wọn ì bá ní ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe?

Ìgò tí ìjọba bu epo sí fún àyẹ̀wò náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí ìdérí rẹ̀ kò bá le, èyí tó fúyẹ́ nínú bẹntiróòlù á di afẹ́fẹ́ lọ, ohun tó kù kì í ṣe epo tí wọ́n bù mọ́. Ní Íńdíà, òfin wọn ti ọdún 2005 ní kí wọ́n fún onílé-epo ní tirẹ̀ pamọ́ lára ohun tí wọ́n bá bù, kí wọ́n sì fi èdìdì dì í. Bó ṣe yẹ kó rí níbi gbogbo nìyẹn. Apá 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 sì ní aláìjẹ̀bi ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọn ó fi fìdí ẹ̀sùn múlẹ̀, ó sì láṣẹ láti bi ẹlẹ́rìí ìjọba ní ìbéèrè. Kí ẹni tó yẹ epo náà wò wá dúró níwájú adájọ́, kó sọ ọjọ́ tí ìgò dé ọwọ́ rẹ̀ àti bí ìdérí rẹ̀ ṣe rí.

Ẹ̀yin manijà ẹgbẹ́ mi, ẹ máa bu ìgò kan pamọ́ lára tánkà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin àti dírẹ́bà jọ fọwọ́ sí i, kó wà níbẹ̀ títí epo yẹn á fi tà tán. Bí àwọn aláṣẹ bá sì wá bu tiwọn, ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n bu tiyín náà.