Orúnkún mi rèé o

Bí mo ṣe ń kọ èyí, inú mọ́tò ni mo jókòó sí ní ìsàlẹ̀ òkè Ìdànrè. Mo ti bọ́ bàtà, orúnkún mi sì ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ni, èmi, bàbá àwọn ọmọ àtàwọn ọmọ méjèèjì.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Èmi tí mo ń fọ́nnu nílé pé kí lèyí, ibi ìsinmi kejì ni mo ti ń wá omi. Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló ń ka àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó ṣì í kà, ó ní ká padà sísàlẹ̀ ká tún un bẹ̀rẹ̀! Mo ní kó máa lọ, Ọlọ́run ti bá a kà á.

Lókè, nínú ìlú àtijọ́ táwọn baba àwọn ará Ìdànrè ti ṣí kúrò, a dé ààfin Ọwá, ọba wọn. Ògiri amọ̀, àwọn òpó gbígbẹ́, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ yìí wo òpó kan títí, ó wá rọra bi mí pé: "Mọ́mì, kí wọ́n tó ṣe àtẹ̀gùn, báwo ni wọ́n ṣe ń gbé ìyá arúgbó gòkè?"

N kò rí èsì fún un. Bàbá rẹ̀ náà kàn ń wòkè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kó ọmọ gun Ìdànrè rí, ṣé orúnkún tiyín náà gbọ̀n báyìí, àbí ọjọ́ orí ló dé sí mi?