Ẹ Bá Mi Dúpẹ́, Ìtànṣán Kò Pa Mí Lára

Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, àti gbogbo ará ilé Olúwa ní Kubwa, ẹ bá mi gbé Ọlọ́run ga, nítorí ó yọ mí lọ́wọ́ jẹjẹrẹ ọyàn.

Ọyàn òsì ni. Kókó náà kò tíì tóbi, nítorí náà oníṣẹ́ abẹ gé e kúrò, ó sì dá ọyàn sí. Ṣùgbọ́n dókítà onítànṣán, ìyẹn ẹni tó ń fi ìtànṣán alágbára láti inú ẹ̀rọ pa jẹjẹrẹ, ṣàlàyé fún èmi àti ọkọ mi pé jẹjẹrẹ tí ojú kò rí ṣì lè fara pamọ́ sínú ọyàn tí a dá sí, àti pé nínú àkójọ ìwádìí ńlá kan tó jáde ní ọdún 2011, láàrin ọdún 10, àrùn náà padà sára nǹkan bí 35 nínú 100 obìnrin tí kò gba ìtànṣán lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yìí, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 19 lára àwọn tó gbà á.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fúnni ní ìtànṣán pọ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ ìgbà 25 láàrin ọ̀sẹ̀ 5. Èyí tó kúrú jẹ́ ìgbà 15 láàrin ọ̀sẹ̀ 3, agbára rẹ̀ kò sì rẹlẹ̀ sí ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún lè tan án sí apá kan ọyàn nìkan, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí mi kò tíì tó fún ìyẹn. Ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ni a mú, wọ́n sì fi díẹ̀ kún un ní ojú ibi tí kókó wà.

Kí ìtànṣán má baà ba ọkàn mi tó wà lápá òsì jẹ́, bí mo bá ti nà gbalaja tí mo gbé apá sókè orí, wọn a ní kí n fa èémí sínú kíkankíkan, kí n dì í mú títí ẹ̀rọ yóò fi dákẹ́. Awọ ọyàn mi dúdú bí ìdí ìkòkò, àárẹ̀ sì mú mi gan-an. Àwọn kan tilẹ̀ ní kí n má gbé ọmọ mi mọ́ra. Irọ́ ni o! Irú ìtànṣán yìí kì í kù sára ẹni. Alaalẹ́ ni mo ń gbé e.

Àyẹ̀wò tó kọjá kò rí jẹjẹrẹ kankan. Mo ṣì ń lo oògùn oníhóró, n ó sì máa lọ fún àyẹ̀wò lọ́dọọdún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, àti lọ́wọ́ Hajiya aládùúgbò wa tó ń bá mi tọ́jú àwọn ọmọ. Ọrẹ ìdúpẹ́ mi tòní, mo bẹ Ìyá Ìjọ kí wọ́n fi ṣe owó ọkọ̀ fún àwọn obìnrin tó ń ti Lọ́kọ́ja àti Minna wá gba ìtànṣán ní Àbújá.