Bí o bá fẹ́ gba ọ̀nà tìrẹ: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ lọ́wọ́ ẹnu ayé

Bí o bá fẹ́ ṣe ohun tí ẹbí rẹ kò ṣe rí, kọ́kọ́ rí i dájú pé kì í ṣe ọwọ́ àwọn tí inú máa bí ni owó oúnjẹ rẹ wà. Ohun tí mo máa ń sọ nìyí bí àwọn àbúrò bá wá bá mi. Wọ́n á retí kí n ní kí wọ́n ṣọkàn gírí. Èmi á máa bi wọ́n ta ló ń sanwó ilé. Nígbà tí èmi àti ọkọ mi pinnu pé ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù nìkan la fẹ́, láìsí àpèjẹ, láìsí ìlù, àfi àwa àti àwọn ẹlẹ́rìí, ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé a ti ń dá gbọ́ bùkátà ara wa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀ ni, ìpàdé ẹbí kan ṣoṣo ni wọn ì bá fi yí wa lọ́kàn padà.

John Stuart Mill, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kọ̀wé lórí òmìnira lọ́dún 1859, ti rí ọ̀rọ̀ owó yìí tipẹ́. Ó ní àfi ẹni tí kò gbára lé ojúrere ẹnikẹ́ni kó tó jẹun, ẹnu ayé lágbára bí òfin ni. Pé kí wọ́n dínà oúnjẹ mọ́ èèyàn kò yàtọ̀ sí kí wọ́n tì í mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti inú ìwé nìkan fún un. Nǹkan bí ogún ọdún ni wọ́n fi ń sọ òun àti Harriet Taylor lẹ́yìn, torí pé obìnrin náà ní ọkọ nílé. Ọkọ yẹn kú ní 1849. Nígbà tí àwọn méjèèjì fẹ́ra ní 1851, níwájú akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ti ṣe é, Mill sì ti kọ ọ́ sílẹ̀ ṣáájú pé òun kọ agbára tí òfin ayé ìgbà náà gbé fún ọkọ lórí aya àti ohun ìní rẹ̀. Mo gba tiẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ tó ń yin òmìnira lọ nítorí èyí.

Ohun tó le jù fún mi ni ọ̀rọ̀ ìtìjú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá sílé, kò tilẹ̀ gbé báàgì kúrò léjìká, etí bẹ́ẹ̀dì ló jókòó sí. Ó ní ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe máa ń rí. Mo ní, "Àǹtí mi, ta ni mo jẹ ní gbèsè nínú ọ̀rọ̀ yìí?" Ó ní, "Ojú ń tì mí, ìwọ ń bá mi sọ̀rọ̀ gbèsè!"

Mo rò ó fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, torí pé ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀tàn rárá. Ó dùn ún dénú. Àmọ́ bí ìrora ẹni tí kò fẹ́ràn ohun tí mo ṣe bá tó láti dí mi lọ́wọ́, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láyé mọ́, nítorí kò sí ohun tí kò ní bí ẹnì kan nínú. Ibi tí Mill fà á sí ni mo fà á sí: bí èèyàn bá mutí, tirẹ̀ ni, bí ó bá tìtorí ọtí kò san gbèsè tàbí kò bọ́ ọmọ, a lè mú un, nítorí gbèsè àti ọmọ, kì í ṣe nítorí ọtí. Mo bá wá inú ọ̀rọ̀ tèmi wò bóyá gbèsè wà níbẹ̀. Ọ̀kan wà. Màmá mi ti san àsansílẹ̀ owó gbọ̀ngàn kan kí a tó sọ fún wọn. A dá owó yẹn padà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò bèèrè. Ìtìjú ẹ̀gbọ́n mi ní tirẹ̀, mo bá a kẹ́dùn, n kò sì yí ìpinnu padà.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní òun kò ní tẹ ilé wa. Èyí bí mi nínú, àmọ́ wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Òmìnira tí mo fi kọ àpèjẹ, òun náà ni wọ́n fi kọ ilé mi. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tìrẹ, tó tún ń retí kí gbogbo ayé pàtẹ́wọ́, ohun méjì ló ń tọrọ. Ìgbà tí wọ́n wá pe ẹnì kan tó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún ọkọ mi pé kó má gbé e fún un, ibẹ̀ ni mo lọ bá wọn. "Bàbá, ẹ lè má wá sílé wa, ẹ ò ṣẹ̀ wá. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ ọkọ mi sílẹ̀." Wọn kò dá mi lóhùn, àmọ́ iṣẹ́ náà bọ́ sí ọkọ mi lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí n kò bá Mill ṣọ̀kan lé lórí. Ó ní láyé ìgbà tirẹ̀, kí èèyàn ṣáà ti kọ̀ láti kúnlẹ̀ fún àṣà, iṣẹ́ rere nìyẹn. Mo ti rí àwọn tó ń kọ gbogbo nǹkan torí kíkọ̀ lásán. Àṣà ló ṣì ń darí wọn, ẹ̀yìn ni wọ́n kàn kọ sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ẹni tó bá ṣe nǹkan nítorí pé àṣà ni kò yan nǹkan kan. Ẹni tó kọ̀ ọ́ nítorí pé àṣà ni ńkọ́? (Ẹ má sì jẹ́ kí n gbàgbé: iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ òwò Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso Íńdíà ni Mill ṣe láti 1823 sí 1858, inú ìwé òmìnira yẹn kan náà ló sì ti yọ àwọn tó pè ní aláìlajú kúrò lára àwọn tí òmìnira tọ́ sí. Ẹni tó bá jẹ́ irú èmi ń kà á, ó ní láti wọlé láìgbàṣẹ.)

Àbúrò mi obìnrin ṣe ìgbéyàwó lẹ́yìn wa, gbogbo ohun tí a fò ló ṣe, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ kan ní kí n bá a sọ̀rọ̀ kó má bàa náwó sí ẹnu ayé. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan bóyá ohun tó wù ú ni. Ó ní láti kékeré ló ti wu òun, kí n yéé bi òun bíi lọ́yà. Mo san owó tí wọ́n bù fún mi, mo sì bá wọn jó.