Orúnkún Àgbà àti Eré Ìdárayá

Láàárín àwọn àgbàlagbà tí mo mọ̀ n'Íbàdàn, ẹni tí orúnkún bá ń dùn kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ eré ìdárayá sétí. Àbúrò bàbá mi obìnrin, tí wọ́n ń gbé nítòsí Òkè Màpó, là á mọ́lẹ̀ fún mi pé bíi táyà ọkọ̀ ni orúnkún rí: bó bá ti jẹ tán, ṣe là á dín ìrìn kù. N kò lè pe èrò yìí ní àìgbọ́n, nítorí pé bí màmá bá sọ̀kalẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, orúnkún náà á wú, á sì máa ro wọ́n di alẹ́.

Ṣùgbọ́n táyà kò ní ẹ̀mí. Ohun rírọ̀ tó bo orí eegun níbi oríkèé kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Omi inú oríkèé ló ń bọ́ ọ, ìrìn àti nínà ẹsẹ̀ ló sì ń mú kí omi náà wọ inú rẹ̀. Bí a bá jókòó pa sójú kan, iṣan itan tó yẹ kó bá orúnkún gbé ẹrù á joro. Ìdí nìyí tí àwọn oníṣègùn fi fi eré ìdárayá ṣe òpómúléró ìtọ́jú àìsàn yìí. Bí ó bá dunni díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, ìyẹn kò fi hàn pé orúnkún ń bàjẹ́. Èyí tí kò bá rọlẹ̀ títí di ọjọ́ kejì ló ń sọ pé kí a dín in kù.

Àwa ọmọ náà dá kún un. Kí màmá tó dìde lọ bu omi, ẹnìkan á ti fò dìde: "Ẹ jókòó, màmá, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ọ̀wọ̀ ni lójú wa, ṣùgbọ́n bí a bá gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn tán, oògùn ìrora ni wọ́n á gbára lé, àgbélò rẹ̀ láìrí dókítà sì lè dá egbò síni níkùn, kó tún ba kíndìnrín jẹ́.

Eré ìdárayá níwọ̀ntúnwọ̀nsì fún ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ó kéré tán, ni Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn fún àwọn tó ti pé ẹni ọdún 65 sókè. Màmá ní ti ṣọ́jà nìyẹn. Ohun tí wọ́n gbà ni pé lẹ́yìn ìrun àsùbáà, wọ́n á jókòó sórí àga, wọ́n á na ẹsẹ̀ kan gbọọrọ, wọ́n á fi ilẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà ka márùn-ún kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀, kí èkejì tó kàn. Ní ti omi mímu, wọ́n ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn bù ú mọ́.