Fóònù mẹ́tàlá lórí tábìlì kan

Mo ń ṣe ìkànnì ayélujára kan fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kajú ní Ìsánlú, kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lè mọ iye tí wọ́n ń ra kajú kí wọ́n tó gbé ẹrù jáde láti oko. Ní Kábà tí mo ń gbé, lójú kọ̀ǹpútà mi, iṣẹ́ náà gún régé. Àwòrán fóònù tí browser kọ̀ǹpútà, ìyẹn ètò tí a fi ń ṣí ìkànnì, máa ń gbé kalẹ̀ ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò, mo sì gbà pé ó tó.

Kò tó rárá. Nígbà tí mo dé Ìsánlú, ìyá tí ó jẹ́ akápò ẹgbẹ́ náà ṣí i lórí fóònù rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ó sì fi èékánná tọ́ka sí ibì kan. “Ọmọ mi, àpótí wo ni ó wà nídìí ‘ọjọ́’ yìí?” Lóòótọ́, lẹ́tà ọ tí ó gbẹ̀yìn ti dá dúró, àmì ohùn tí ó yẹ kí ó gorí rẹ̀ sì ti di àpótí òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. “Ẹgbẹ́” náà rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n “owó” àti “kajú” pé pérépéré. Ìyá rò pé fóònù òun ni ó bàjẹ́, ó ti fẹ́ pa á kí ó tún un tàn. Ó dùn mí gan-an, nítorí pé èdè wa ni ó fọ́ sí i lójú, òun ni ó sì ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi.

Ohun tí ó fà á ni pé, nínú Unicode, ìyẹn ètò tí ó fún lẹ́tà ní nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà àti fóònù fi ń dá wọn mọ̀, ó àti ú ní nọ́ńbà tiwọn, ọ àti ẹ náà ní tiwọn, ṣùgbọ́n ọ́ àti ẹ́ kò ní. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni a ń so pọ̀ láti kọ wọ́n, fọ́ǹtì inú fóònù, ìyẹn àkójọ àwòrán àwọn lẹ́tà, ni ó sì gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń gbé àmì náà sórí lẹ́tà; èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n yóò jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo bẹ àwọn tí ó wà níbẹ̀ kí wọ́n yá mi ní fóònù wọn, a sì to mẹ́tàlá sórí tábìlì. Lórí ọ̀kan, bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́ sá sábẹ́ ibi tí àdírẹ́sì ìkànnì wà. Lórí méjì tí àwọn bàbá àgbà ti sọ lẹ́tà inú wọn di ńlá nítorí ojú wọn, iye owó gan-an ni ó yọ kúrò lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ òun ni wọ́n ń wá. Bí mo bá tún ti ọ̀kan ṣe, òmíràn a dàrú, títí ilẹ̀ fi ṣú tí àwọn onífóònù ń fẹ́ relé.

Mo ti fi fọ́ǹtì Noto Sans sínú ìkànnì náà báyìí, mo sì gé e kù sí kìkì lẹ́tà tí Yorùbá ń lò, kí ó má baà jẹ dátà. Fóònù ìyá akápò ti ń kọ “ọjọ́” dáadáa. Ó ku ẹyọ kan, tí browser rẹ̀ máa ń fún ojú ìwé pọ̀ kí ó tó gbé e wá, tí kì í gba fọ́ǹtì ẹlòmíràn rárá. Nítorí tirẹ̀ ni mo ṣe gbé iye owó kajú sókè pátápátá, ní nọ́ńbà gàdàgbà, kí onífóònù náà lè kà á kí àpótí òfìfo tó bẹ̀rẹ̀.